Ọwọ́ Òfìfo Ni Mo Gbé Dé Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ fi pamọ́ ná, ibi tí a ó ti lò ó ń bọ̀ níwájú. Pásítọ̀ wa ti ní kí n má pẹ́. Mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ Ìyá Bọ́sẹ̀. Bí n kò bá mú ọ̀rọ̀ láti ìdí rẹ̀ wá, n kì í lè sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹlẹ́rù ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ̀yin gan-an lẹ sọ mí lórúkọ yẹn. Nígbà tí a lọ ṣe àpéjọ ní Iléṣà níbí, tí a kò lò ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, mo gbé sítóòfù, mo gbé ọlọ, mo gbé garawa ìwẹ̀ tèmi, mo sì di ìrọ̀rí mọ́ ọn lórí. Ìyá Ìjọ bi mí bóyá onílé lé mi jáde ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù mú, ta ni ẹ wá bá pé kó yá yín ní aṣọ ìbora? Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wá dákẹ́ báyìí.

Bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Bí mo bá ti gbọ́ ìrìn-àjò, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí wọn ò bá ní iyọ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, tí a ò sì rí òrí fi pa á lára ńkọ́? Báàgì mi ló máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ìgbà tí ẹrù bá wúwo débi tí ọrùn ń ro mí ni mo tó máa ń gbà pé mo ti múra.

Ọmọ mi Bọ́sẹ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yìí ló dàgbà sí, kó tó lọ ṣe tíṣà ní Lọ́kọ́ja, tó sì fẹ́ ọmọ Kàbà kan níbẹ̀. Ó lóyún, oyún wálẹ̀. Ó tún lóyún, ó tún wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n ò fẹ́ sunkún lórí pẹpẹ yìí. Ẹ̀yin lẹ bá mi gbààwẹ̀, ẹ̀yin lẹ bá mi kúnlẹ̀. Nígbà tó wá lóyún èyí, tí oyún dúró, tó ń dàgbà, mo ní Ọlọ́run, bí mo bá lè fi ọwọ́ ara mi wẹ ọmọ yìí, n ò ní tọrọ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́dún yìí. Ohun tí mò ń wá nìyẹn, ẹ̀yin ará. Kí Bọ́sẹ̀ yè, kí ọmọ yè, kí n wẹ̀ ẹ́.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo lọ sí Ìpetumodù fúnra mi, mo lọ ra ìkòkò àgbo, torí n ò gbà rárá pé àgbo ọmọ máa ń dáa nínú ìkòkò irin. Ìyá tó mọ ọ́n fi ìka kan án létí, ó dún, dídún rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo ní èyí gan-an ni mo ń wá. Mo ra òrí, mo ra ọṣẹ dúdú, mo gbé gàrí, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí obìnrin bá ń lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ, ẹrù tó bá gbé wọlé ni àwọn àna fi ń mọ irú ilé tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí o! N ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Kàbà wí nǹkan.

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni, nígbà tí epo mọ́tò wọ́n, tí ọkọ̀ kò rìn mọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń rìnrìn-àjò nígbà yẹn ti di pósítọ́fíìsì. Ìyá Ìjọ, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé èlùbọ́ wá pé kí n bá yín mú un fún àbúrò yín. Bàbá Akọrin gbé rédíò tí wọ́n bá ọmọ wọn tún ṣe wá, wọ́n fi aṣọ tó tóbi ju rédíò lọ wé e. Alájì tó ń ta ewúrẹ́ ní Sábó, oníbàárà mi ni, ó gbé àpò obì wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní ẹ̀bá odò. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, kò wúwo. Alláhù á ṣọ́ yín." Kò wúwo kẹ̀! Obì tútù! Mo ṣáà ń gbà á. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó ń lọ kì í lè sọ fún ẹni tó jókòó pé òun ò gbé e. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé, títí n ò fi rí ojú àga nínú pálọ̀ mi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ogbò, mo rí ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa yìí. Wọ́n jókòó sọ́hùn-ún. Ilé wọn ní yunifásítì ni ọkọ Bọ́sẹ̀ máa ń pè lórí tẹlifóònù bó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá, torí ọkọ̀ wọn kò lépo. Bí mo ṣe rí eruku lẹ́sẹ̀ wọn ni mo ti dìde.

Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jókòó ná."

Mo ní, "N ò jókòó. Ẹ sọ ọ́."

Wọ́n ní, "Wọ́n ti dá Bọ́sẹ̀ dúró sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ọjọ́ rẹ̀ ò sì tíì pé. Dọ́kítà ní kí ẹ tètè máa bọ̀."

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n gbéra ní ìdájí, torí kò sí ọkọ̀ kankan tí yóò gbéra lọ́sàn-án yẹn. Mo padà sílé láti lọ so ẹrù tó kù. Ẹ mọ bí ọ̀sán ọyẹ́ ṣe máa ń rí. Oòrùn wà, kò sì mú. Gbogbo ìta funfun bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ayé. Mo jókòó sórí àpò gàrí, okùn wà lọ́wọ́ mi, mò ń pe orúkọ Jésù. N ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Mo bá ara mi létí odò kan. N ò mọ odò náà rí. Omi rẹ̀ kò jọ èyí tó ń ṣàn, kò sì dúró, ó kàn ń lọ sókè ó ń lọ sílẹ̀ bí àyà ọmọ tó ń sùn. Ní òdìkejì, mo rí Bọ́sẹ̀. Kì í ṣe Bọ́sẹ̀ tìsinsìnyí, Bọ́sẹ̀ kékeré ni, tí mo máa ń di irun fún lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti di apá kan irun rẹ̀, ìyókù ṣì rí jákujàku, ó ń dúró dè mí kí n wá di í tán. Ẹrù wà lórí mi, ó ga débi tí n ò lè gbójú sókè. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wá fẹ̀gbẹ́ ti etí odò. Ẹni tó ń tù ú kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ní kó bá mi sọ ẹrù kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n wá gbé. Wọn ò bá mi sọ nǹkan kan nípa ẹrù." Kò bínú o. Ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń sọ fún ọmọdé pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, mo gbọ́ tí aládùúgbò mi ń gún iyán, mo bá lajú sórí àpò gàrí mi.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí Ọlọ́run bá bá sọ̀rọ̀ báyẹn, ṣé kò yẹ kó dìde tú ẹrù? Èmi dìde, mo tún fi okùn kan lé e. Ẹ rín in, ẹ rín in dáadáa! Mo ní oorun ọ̀sán ni. Mo ní ọyẹ́ ló ń dà mí láàmú.

Ìdájí ọjọ́ kejì, ọmọlanke ni wọ́n fi bá mi ti ẹrù dé gáréèjì. Ìkòkò Ìpetumodù nìkan ni mo gbé sórí fúnra mi, pẹ̀lú òṣùká, torí n ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ẹ ò lè rí ọwọ́ yín níwájú fún ìkùukùu. Bí ènìyàn bá ń bọ̀, ikọ́ rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ ó rí i tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá a. Àwọn èrò kún ibẹ̀, kò sí ọkọ̀. Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo wọn ń pè é, èéfín ìkòkò rẹ̀ àti ìkùukùu ti di ọ̀kan. Mo to ẹrù mi jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin àti ta ni?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní, "Háà."

A jókòó títí. Nígbà tó yá, Píjó kan yọ nínú ìkùukùu, ó ń lọ sí Lọ́kọ́ja. Gbogbo èrò dìde gìrì. Kí n tó gbé ìkòkò padà sórí, kí n tó kó ẹrù mi jọ, wọ́n ti wọlé kún, ó wá ku àyè ènìyàn kan lẹ́yìn pátápátá. Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ bá mi ṣí bùútù." Ó ṣí i. Kẹ́ẹ̀gì epo mọ́tò ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ọwọ́ ò lè wọ àárín wọn. Ó ní, "Epo àlọ àti àbọ̀ ni mo gbé yìí, Màmá. Kò sí epo lójú ọ̀nà." Mo ní orí ọkọ̀ ńkọ́? Ó ní kárìyà ti kán. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ti bùútù padà, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo lè gbé. N ò lè gbé ẹrù."

Ohùn yẹn! Ẹ̀yìn tó kọ sí mi yẹn! Mo dúró sí ojú kan, mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo ń retí kí n gbọ́ omi.

Síbẹ̀, ọkàn ènìyàn le, ẹ̀yin ará. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gbé ìkòkò yìí nìkan lé ẹsẹ̀. Bàbá kan nínú ọkọ̀ ní, "Ìyá, bó bá fọ́ sí wa lára ńkọ́?" Mo ní kò ní fọ́. Dẹ́rẹ́bà ti tan iná ọkọ̀. Ojú mi ń lọ sára ẹrù, ó ń lọ sára ọkọ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé, báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ ilé àna mi? Kí ni mo fẹ́ wí? Wọ́n á ní ìyá ìyàwó ti Ifẹ̀ dé, ọwọ́ òfìfo ló gbé wá. Àpò obì olóbì ńkọ́? Rédíò ońrédíò ńkọ́? Ẹkún ti ń bọ̀ lójú mi.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ló pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹrù ni ọmọ yín ń retí ni, àbí ẹ̀yin? Ẹ wọlé jàre! Màá jókòó ti ẹrù yín títí ẹ ó fi dé." Ó gba ìkòkò lórí mi, ó tì mí wọlé, ó ju ẹ̀kọ tó wé sínú ewé lé mi lẹ́sẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ ṣí. Mo wẹ̀yìn, mo rí ẹrù mi gẹ́gẹ́ bí òkè kékeré kan nínú ìkùukùu. Lẹ́yìn náà n ò rí nǹkan kan mọ́.

A ti kọjá Iléṣà dáadáa kí bàbá ẹ̀gbẹ́ mi tó fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, Màmá, òṣùká ṣì wà lórí yín." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún nínú rẹ̀. Mo bọ́ òṣùká náà sẹ́sẹ̀, n ò wá mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Ẹ ò ní mọ bó ṣe máa ń rí àfi bó bá ṣe yín. Láti kékeré mi, n ò tíì wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kí nǹkan má wà lẹ́sẹ̀ mi, kí nǹkan má wà lábẹ́ apá mi, kí ojú mi má máa lọ sí bùútù bóyá wọ́n ti jí nǹkan gbé. Ọjọ́ yẹn, kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè jí. Mo na ẹsẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ mi. Nígbà tí ọwọ́ mi ò rí iṣẹ́ ṣe, ó lọ pàdé ara rẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ọ̀nà náà jọ àlá. Òkè máa ń yọ, á tún wọlé. Igi á dúró lẹ́bàá ọ̀nà láìní ìdí, bíi pé wọ́n so ó kọ́ sí òfuurufú. Àwọn èrò ti sùn. Mo ń gbàdúrà, mo ń tòògbé, n ò mọ èyí tó jẹ́ àdúrà, n ò mọ èyí tó jẹ́ oorun. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé Bọ́sẹ̀ wà lẹ́yìn mi tí mo pọ̀n ọ́n, mo máa ń gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn mi. Mo rántí pé nígbà tí mo bí i, tí a kò ní nǹkan kan nínú yàrá kan ṣoṣo, òun nìkan ni ẹrù tí mo máa ń gbé jáde, kò sì wúwo rárá. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kí n pẹ́ jù. Mo ní, bí o bá fẹ́, gba ìkòkò, gba ẹja, gba gbogbo rẹ̀, ṣáà fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tí a kọjá Kàbà, oòrùn ti ń rọ̀. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ wọ Lọ́kọ́ja, mo rí odò náà. Ẹ̀yin ará, odò mi ni! Ó fẹ̀, ó dákẹ́, ọyẹ́ funfun wà lójú rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan ń lọ lórí rẹ̀, ó jìnnà, n ò rí ojú ẹni tó ń tù ú. Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín! Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ìdájí kúrò lára mi níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀.

Ẹ̀rù tún padà wá nígbà tí mo dé ọsibítù. Ọkọ Bọ́sẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, kò sì lè dìde. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Dọ́kítà ní Bọ́sẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti òwúrọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti lọ lára rẹ̀ jù, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọn ò sì lè fọwọ́ kàn án láìsí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Kò sí èyí tó bá a mu nílẹ̀. Wọ́n ti yẹ ti ọkọ wò, kò bára mu. Wọ́n ní ìyá ọkọ ti dàgbà jù. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ti ẹni kan bára mu, ó fi sílẹ̀, wọ́n ní kò tíì tó.

Mo na apá mi. N ò bèèrè nǹkan kan, mo ṣáà na apá.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní, "Màmá, ó bára mu." Ó wá ń bi mí léèrè, ó ní ṣé mo ti jẹun? Mo ní mo jẹ ẹ̀kọ. Ó ní ṣé mo gbé nǹkan tó wúwo bọ̀ lọ́nà, ṣé kò rẹ̀ mí? Ẹ̀yin ará, mo wo ọmọ náà lójú. Èmi Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹlẹ́rù! Mo ní, "Ọmọ mi, n ò gbé nǹkan kan."

Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ, mo ń wò ó nínú ọ̀pá tín-ín-rín. Ara mi ń fúyẹ́. Ó ń fúyẹ́ sí i. Mo tún bá ara mi létí odò, lọ́tẹ̀ yìí mo ti wà nínú ọkọ̀, kò sí nǹkan kan lórí mi, mo lè gbójú sókè wo ibi tó bá wù mí. Omi kò dún. Bọ́sẹ̀ kékeré ń sún mọ́ mi pẹ̀lú irun rẹ̀ tí wọn ò tíì dì tán. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. N ò mọ bí mo ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó. Igbe ló jí mi, igbe kékeré, tó ha, tó ń bínú. Mo ní, "Igbe ta nìyẹn?" Nọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ-ọmọ yín ni. Obìnrin. Ìyá rẹ̀ náà ti ń mí dáadáa."

Ẹ lè pàtẹ́wọ́ báyìí! Ẹ pa á! Ohun tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ sí nìyí!

Wọ́n ní ẹ mú aṣọ wá tí a ó fi wé ọmọ. Kò sí. Bọ́sẹ̀ kò tíì dé ọjọ́ rẹ̀, ìdágìrì ni wọ́n fi gbé e wá, gbogbo aṣọ ọmọ wà nílé. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, òṣùká mi ló wà níbẹ̀. Mo tú u. Ọ̀já àtijọ́ ni, tí mo fi pọn Bọ́sẹ̀, ó ti gbó, ó ti rọ̀, n kì í lò ó fún nǹkan mìíràn ju òṣùká lọ mọ́. Mo ti fọ̀ ọ́ kí n tó kúrò nílé, eruku ọ̀nà ò sì dé inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ̀n ọ́n wò dáadáa, ó ní ó dáa. Òun ni wọ́n fi wé ọmọ náà gbé fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe wọ ilé àna mi ní Lọ́kọ́ja níbẹ̀. Ẹnu ìlẹ̀kùn ni mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ Bọ́sẹ̀, kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn, ẹlẹ́rù bíi tèmi ni wọ́n! Iṣu wà níbẹ̀ dé òrùlé. Gàrí wà, epo wà, òrí wà, ẹja wà. Ìkòkò àgbo wà, wọ́n ti gbé e lé ààrò. Kò sí nǹkan kan tí mo fi sílẹ̀ ní gáréèjì tí kò ti wà nílé yẹn ṣáájú mi. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù wọn ló ń bà mí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, obìnrin aládùúgbò kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ wá, ó ń wo kọ̀rọ̀ yàrá, ó ní, "Kí ni ìyá ìyàwó tiẹ̀ gbé wá láti Ifẹ̀?" Mo gbọ́. Mo wolẹ̀. Ìyá ọkọ Bọ́sẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú kúrò nídìí àgbo tí wọ́n ń rò. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé wá. Ṣé ìwọ lè gbé e?"

Ìdẹ̀ra ni a sọ ọmọ náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fi òrí pa á lára, mo ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, títí ó fi sanra, tó sì ń fi ojú wá mi kiri.

Nígbà tí mo padà dé, gáréèjì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣì jókòó síbẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé lẹ́yìn Píjó tó gbé mi yẹn, kò sí ọkọ̀ tó tún lọ sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo bá ní kí n dúró de ọkọ̀ tó máa gba ẹrù mi, ẹ̀yin ará, ẹ̀rí kọ́ ni ẹ bá máa gbọ́ lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n, Ìyá Ẹlẹ́kọ ní àwọn ti din ín jẹ, mo ní kó ṣe wọ́n lóore. Ìyá Ìjọ, èlùbọ́ yín ti padà sọ́wọ́ yín. Bàbá Akọrin náà ti gba rédíò. Alájì gba obì rẹ̀, ó wo mí títí, ó ní, "Mo sọ fún yín pé Alláhù á ṣọ́ yín." Ìkòkò Ìpetumodù, mo fi sílẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ ló ń sè nínú rẹ̀ báyìí, ẹ lọ tọ́ ọ wò.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, mo tún ń lọ sí Lọ́kọ́ja lọ wo ọmọ mi. Báàgì mi nìyí, tí mo gbé kọ́ apá yìí. Èyí tí ẹ rò pé ti Bíbélì ni. Ìró kan wà níbẹ̀, búbà kan, kóòmù, Bíbélì mi, àti ọ̀já yìí. Ó parí. Mo rí i tí àwọn kan ti ń wo ara wọn lábẹ́lẹ̀. Ìyá Ìjọ, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. N ò gbé e o! Bí ẹ bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, ẹ fi àdúrà rán mi, mo lè gbé èyí tó bá pọ̀ tó.

Ó tó, Pásítọ̀, mo ti fẹ́ jókòó. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde fún mi. Ẹ gbé báàgì yín sílẹ̀, ẹ gbé ìwé orin sílẹ̀, ẹ̀yin ìyá ẹ gbé pọ́ọ̀sì sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbé e níbí. Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì sókè, ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe fúyẹ́! Irú ọwọ́ tí mo gbé dé Lọ́kọ́ja nìyẹn, òun ni wọ́n gbé Ìdẹ̀ra lé. Ẹ fi yin Ọlọ́run.